Ọjọ́ márùn-ún nínú koríko omi Leech Lake

Ọjọ́rú

Aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá díẹ̀ la kúrò ní Brooklyn Park, à ń lọ pẹja ní adágún Leech Lake. Ibi iṣẹ́ alẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń bọ̀, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn wọn nígbà tí wọ́n wọnú mọ́tò. Wọ́n ní oorun ò kun àwọn rárá. A ò tíì dé Little Falls tí wọ́n ti ń hanrun. Èmi ni mo ń wakọ̀, ọkọ̀ ojú omi wà lórí tírélà lẹ́yìn wa, mo sì ń rọra lọ.

Bí a ṣe bọ́ sí ọ̀nà 371 ni ara mi balẹ̀. Ní Pequot Lakes, wọ́n kun táǹkì omi ìlú wọn ní pupa àti funfun bíi fùlóòtù tí wọ́n ń so mọ́ okùn ìwọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti rí i ni inú mi ń dùn, torí mo mọ̀ pé a ti fẹ́ dé. A kọjá Hackensack, igi páìnì dí lọ́tùn-ún lósì, ọ̀sán ò tíì pọ́n tán tí a fi wọ Walker, ìlú tó wà létí adágún náà.

Leech Lake fẹ̀ ju éékà 100,000 lọ. Inú ilẹ̀ àwọn Ojibwe ti Leech Lake, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló wà, ní àríwá Minnesota. Apá tí wọ́n ń pè ní Walker Bay jìn gan-an, ṣùgbọ́n ibi tó pọ̀ jù nínú adágún náà ò jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 35. Oòrùn ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà koríko ń hù. Nínú oṣù kẹjọ tí a wà yìí, ó ti ga débi pé ní àwọn ibì kan, ńṣe ló ń dà bíi pé oko ẹ̀fọ́ lèèyàn ń wakọ̀ gbà.

Koríko yẹn gan-an ló gbé wa wá. Ọdún méjì la ti ń wá síbí, etí koríko la sì máa ń pẹja sí, à ń lọ à ń bọ̀ níbi tó ti parí tí omi gbangba ti bẹ̀rẹ̀. A rí pike níbẹ̀, ẹja ẹlẹ́nu gígùn tí eyín rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n muskie, ìbátan rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ tí à ń wá gan-an, a ò rí kan ṣoṣo. Lọ́dún yìí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ká wọ inú rẹ̀ lọ. Nígbà tí a wà ní kékeré ní Ẹ̀pẹ́, bàbá wa kì í dẹ ìgèrè sí gbangba omi. Ìdí òṣíbàtà ni wọ́n máa ń dẹ ẹ́ sí, àti ibi tí ojú oró bá ti dí jù, torí ibẹ̀ lẹja ń gbé. Ẹ̀gbọ́n ní òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n ìgèrè kì í kó koríko bíi ti ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta tí à ń lò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká fi ẹlẹ́nu mẹ́ta sílẹ̀ nígbà náà, ìdẹ onírin tí wọ́n ń pè ní spinnerbait nìkan la máa lò láti òní títí di ọjọ́ Àìkú. Wọ́n gbà.

Lálẹ́, mo tú àpótí sórí tábìlì yàrá tí a háyà. Ẹni tí kò bá rí spinnerbait rí, kó rántí pín-ìn tí wọ́n fi ń de nápí ọmọ, tí wọ́n ṣí i sílẹ̀. Wáyà kan ṣoṣo ni, wọ́n ká a láàárín, ibi tí wọ́n ti ká a ni okùn ti ń so mọ́ ọn. Apá ìsàlẹ̀ gbé orí òjé kan àti ìwọ̀ ẹlẹ́nu kan tó kọjú sókè, wọ́n sì wọ yẹ̀rì rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ìwọ̀ náà kó lè máa jó nínú omi bí ohun abẹ̀mí. Apá òkè gbé ewé irin tó ń yí bìrìbìrì. Wáyà òkè yìí ni ìbòrí fún ìwọ̀. Òun ni koríko ń kọ́kọ́ pàdé, á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìwọ̀ á sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá láìfara kan nǹkan kan.

Ewé irin yẹn kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tó rí roboto, tí wọ́n ń pè ní Colorado, máa ń lu omi gbì, gbì, gbì, débi pé èèyàn á máa gbọ́ ọ ní ọrùn ọwọ́. Ó ń gbé ara rẹ̀ sókè, nítorí náà èèyàn lè ká okùn díẹ̀díẹ̀ kó má sì rì. Èyí tó gùn tó rí ṣóńṣó bí ewé igi willow, títàn ni tiẹ̀, kì í lu omi tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń yọ́ kọjá láàárín ewé ju èyí roboto lọ. Mo fún ẹ̀gbọ́n ní willow, mo mú Colorado fún ara mi. Ọ̀ǹsì méjì ni tèmi. Mo fi fáìlì pọ́n ẹnu ìwọ̀ títí ó fi ń ha èékánná mi.

Okùn tí a lò lè gbé ẹrù 80 pọ́n-ùn. Mo so wáyà líle tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan sáàárín okùn àti ìdẹ nítorí eyín. Ní ti ẹ̀gbọ́n, wọ́n tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, wọ́n to ẹmú ẹlẹ́nu gígùn, irin ìgéwọ̀, ìbọ̀wọ́ àti ọ̀pá ìwọ̀n sórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń to irinṣẹ́ kí wọ́n tó wẹ egbò aláìsàn. Wọ́n ní bí ẹja bá ti dé inú àwọ̀n, kò sí àyè láti máa wá ẹmú kiri.

Ọjọ́bọ̀

Aago mẹ́fà àárọ̀ a ti wà lórí omi, à ń lọ sí Sucker Bay. Omi wà ní dígírì 72 Fahrenheit, ó dára fún ẹja. Bí ó bá kọjá 80, a ò ní fọwọ́ kan muskie, torí nínú omi gbígbóná, àárẹ̀ ìjàkadì nìkan lè pa á lẹ́yìn tí èèyàn bá ti dá a sílẹ̀.

Oríṣi koríko méjì la bá níbẹ̀, àárọ̀ yìí ló sì kọ́ mi ní ìyàtọ̀ wọn. Ọ̀kan ni àwọn apẹja ibí ń pè ní kábéèjì. Ewé rẹ̀ fẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín àwọ̀ ewé àti búráùn, ó ń ṣẹ́ pẹ́kẹ́ bíi gbọ̀ọ̀rọ̀ tútù. Bí spinnerbait bá há sí i, èèyàn ò gbọdọ̀ máa wọ́ ọ. Kó rọ ọ̀pá sílẹ̀ díẹ̀, kó wá ta á sókè lẹ́ẹ̀kan pẹ́rẹ́, ewé á ya, ìdẹ á fò jáde. Ìgbà tó bá fò jáde báyìí gan-an lẹja máa ń gbá a. Èkejì ni coontail. Ó rí bí ìrun, ó sì ń lọ́ mọ́ nǹkan bí ìrun. Kò sí bí a ṣe lè ta á tó máa já. Òkè orí rẹ̀ nìkan la lè gbà: ká gbé ọ̀pá sókè, ká bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn kí ìdẹ tó balẹ̀ sómi, kí ewé irin máa ti omi sókè láìfọ́ ojú rẹ̀.

Kí n tó mọ èyí, mo ti fi wákàtí kan fa coontail wọlé bí ẹni ń fa àgbò tí kò fẹ́ rìn.

Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, pike bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ gba ti ẹ̀gbọ́n lójú ihò kan láàárín kábéèjì. Ó gùn ní 24 ínṣì. Òfin apá ibí yìí ni pé gbogbo pike tó bá wà láàárín 22 sí 26 ínṣì gbọ́dọ̀ padà sínú omi. Mẹ́wàá lèèyàn lè kó lọ, nínú mẹ́wàá yẹn méjì péré ló lè gùn ju 26 lọ. Òfin náà dùn mọ́ mi nínú. Àwọn kéékèèké pọ̀ jù nínú adágún apá ibí, àwọn tó wà láàárín ló máa dàgbà, nítorí náà wọ́n ní ká jẹ kékeré ká sì fi ọ̀dọ́ sílẹ̀. A kó mẹ́rin tí kò tó 22, a sì dá méje padà.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Wáyà mi ti lọ́ nítorí pike mẹ́ta tó ti fi eyín gbé e. Mo gé e kúrò. Òmíràn wà nínú àpótí, ṣùgbọ́n ẹja kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ta omi lẹ́bàá òṣíbàtà, ọkàn mi sì ti lọ síbẹ̀. Mo so ìdẹ mọ́ okùn lásán, mo ní ìjù kan péré ni. Bí mo ṣe ká a wá sí ìdí òṣíbàtà, ohun kan gbé e. Ó wúwo ju gbogbo èyí tí a ti mú lọ. Mo fa ọ̀pá, ọ̀pá tẹ̀, ó wá tọ́ padà gbọnrangandan. Nígbà tí mo ká okùn dé, ẹnu rẹ̀ mọ́ bí ẹni fi abẹ gé e.

Ẹ̀gbọ́n ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Àbúrò, ẹja yẹn ṣì ń gbé e kiri o."

Òótọ́ ni. Òjé, wáyà àti ìwọ̀ wà lẹ́nu ẹ̀dá tí kò ṣẹ̀ mí. Mo jókòó, mo so wáyà tuntun, mo sì wo aago mi: ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ ló gbà. Nítorí ìṣẹ́jú méjì. Mi ò ju ìwọ̀ mọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Ọjọ́ Ẹtì

Ẹ̀fúùfù. Omi Leech Lake ò jìn, nítorí náà ìgbì ń dìde kíákíá, ó sì ń súnmọ́ra pẹ́kípẹ́kí. A wò ó láti etíkun, a padà sílé.

A dín pike. Ìlà eegun tó là sí méjì bí igi kànnàkànnà wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, òun ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn kórìíra ẹja náà. Ẹ̀gbọ́n fi ìka wá ìlà eegun náà, wọ́n gba òkè rẹ̀ gé e, wọ́n gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ gé e, ó bọ́ jáde lódindi. Wọ́n fi iyọ̀ àti ata gígún pa á, wọ́n dín in títí ó fi gan. Mo ti di ata rodo àti gàrí sínú kúlà láti ilé. Ẹran pike funfun, ó le díẹ̀, kò sì yọ̀ bíi ti àrọ̀. Ó gba ata dáadáa.

Ní ìrọ̀lẹ́ a rìn lọ sí èbúté. Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Ojibwe, jókòó síbẹ̀, ó ń fi sáńpépà dán ọ̀pá gígùn kan. Ẹ̀gbọ́n kí i, mo kí i. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti ọkọ̀ nígbà ìkórè ìrẹsì inú omi ni. Ìrẹsì yìí, manoomin lédè wọn, ń hù fúnra rẹ̀ nínú omi tí kò jìn. Ẹnì kan á dúró, á máa fi ọ̀pá ti ọkọ̀, ẹnì kejì á jókòó, á máa fi igi méjì gbọn hóró rẹ̀ sínú ọkọ̀. Bàbá ní ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kó gbó.

A bi í nípa ẹja. Ginoozhe ni wọ́n ń pe pike, maashkinoozhe ni muskie, ibẹ̀ ni orúkọ muskie ti wá. Ó ní bí àwọ̀ bá ń dà wá láàmú, ká wo ara: ara pike ṣú, àmì ara rẹ̀ ló mọ́lẹ̀, ara muskie mọ́lẹ̀, àmì rẹ̀ ló ṣú. Ká tún wo ihò wínníwínní lábẹ́ àgbọ̀n. Bí wọ́n bá ti ju márùn-ún lọ lápá kan, muskie ni. Ó bi wá níbi tí a ti ń wá a. Ẹ̀gbọ́n sọ fún un pé inú koríko ni, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kékeré oníbátìrì tó wà níwájú ọkọ̀ wa ń wé koríko mọ́ra, gbogbo ìgbà la sì ń dúró láti tú u, ariwo rẹ̀ sì ń lé ẹja.

Bàbá wo ojú ẹ̀gbọ́n, ó wo ọwọ́ wọn. Ó béèrè bóyá wọ́n ti fi ọ̀pá ti ọkọ̀ rí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n nígbà tí wọ́n ti ń ti ọkọ̀ bàbá wa lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Bàbá náà dìde, ó wọ ibi tó ń kó ẹrù sí, ó gbé ọ̀pá mìíràn tó ti gbó jáde, ẹnu rẹ̀ là sí méjì bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ kó má baà rì sínú ẹrẹ̀. Ó ní ká dá a padà lọ́jọ́ Àìkú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ojú ọ̀run ṣú díẹ̀, ẹ̀fúùfù ti rọ̀. A fa ọkọ̀ lọ sí Federal Dam ní apá ìlà oòrùn, a sọ ọ́ sómi lókè ìsédò, a sì gba odò wọ adágún. Ìjọba ló kọ́ ìsédò yìí, wọ́n parí rẹ̀ ní 1884, kí omi lè máa tó fún ọkọ̀ ojú omi lórí Mississippi àti fún àwọn ilé ìlọ̀yẹ̀fun ní Minneapolis. Omi tó kún sẹ́yìn bo oko ìrẹsì àwọn Ojibwe, ó sì bo ibojì òkú wọn. Mi ò lè gbé ọkọ̀ kọjá níbẹ̀ láìrántí rẹ̀. Omi kan náà ló ń ṣàn wọ Mississippi, tó ń kọjá ní Brooklyn Park níbi tí mò ń gbé.

Ní Portage Bay a pa ẹ́ńjìnnì ńlá, a gbé e sókè. Ẹ̀gbọ́n bọ́ bàtà, wọ́n dúró ní ìdí ọkọ̀, wọ́n ki ọ̀pá bọlẹ̀, wọ́n sì fara tì í. Ọkọ̀ wọnú kábéèjì láìdún. Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí mo ti rí wọn nírú ìdúró yẹn, orúnkún títẹ̀ díẹ̀, èjìká sílẹ̀, ọ̀pá ń gba àtẹ́lẹwọ́ kọjá. Ìdúró bàbá wa ni. Mi ò sọ ọ́ jáde, kó má baà dà bíi pé mo fẹ́ sunkún.

Omi ibẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ. Kábéèjì ga dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan sí ojú omi, ihò sì wà káàkiri láàárín rẹ̀, ó fẹ̀ bí ẹní, ó fẹ̀ bí yàrá. Ọwọ́ ihò yẹn ni iṣẹ́ wà. Mi ò ju ìdẹ sínú ihò gan-an, torí bíbalẹ̀ òjé ń dẹ́rù ba ẹja. Òkè ihò ni mò ń jù ú sí, lórí koríko, kí n wá ká a wọ inú ihò bí ohun tó sá jáde láti inú ewé. Nígbà tó bá dé gbangba ihò, mo máa dẹ okùn díẹ̀ kó rì, kí ewé irin máa yí bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀, kí n tún tó gbé e gun koríko tó kàn.

Ní wákàtí àkọ́kọ́, muskie kan tẹ̀ lé ìdẹ mi dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Mo rí i lábẹ́ yẹ̀rì rọ́bà náà, ó gùn, ó dákẹ́, lẹbẹ rẹ̀ nìkan ló ń mì. Ohun tó yẹ ni kí n ki ẹnu ọ̀pá sínú omi kí n sì fa ìdẹ yí po bí ìlà nọ́ńbà 8. Mo ṣe é, ṣùgbọ́n koríko dí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ìdẹ kó ewé, ẹja náà sì rọra rì bí igi tó rì. Ẹ̀gbọ́n ní kí n má ṣe é wọlẹ̀ mọ́. Kí n ṣe é gbọọrọ lókè koríko bí ẹyin tí wọ́n fi dùbúlẹ̀, kí ìdẹ má sì dúró níbi tí mo bá ti yí i.

Ó pẹ́. Apẹja ibí máa ń pe muskie ní ẹja ẹgbàárùn-ún ìjù, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Èjìká mi ń ro mí. Lẹ́yìn ìjù mélòó kan, mo máa ń wo wáyà ìdẹ náà láti ìbú: bí apá òkè bá ti yà kúrò lórí ìwọ̀, ìdẹ á máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì máa kó koríko. Mo máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ padà kó bá ìwọ̀ dọ́gba. Ẹ̀gbọ́n gba ọ̀pá ìwọ̀ fún ìgbà díẹ̀, èmi náà fi ọ̀pá ti ọkọ̀, mi ò lè ṣe é dáadáa bíi tiwọn.

Ó kù díẹ̀ kó lu aago mọ́kànlá. Mo ti gba ìwọ̀ mi padà. Ihò kan wà tó rí bí ọ̀nà tóóró láàárín kábéèjì méjì. Mo jù ú kọjá rẹ̀. Gbì, gbì, gbì. Ó fara kan ewé, ó wúwo díẹ̀díẹ̀, mo ta á, ó fò jáde. Gbì, gbì. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́. Kò wúwo. Ìlù náà kàn dákẹ́, bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ di agogo mú.

Ó yé mi lójijì pé ìyàtọ̀ tí mo ti ń wá láti Ọjọ́bọ̀ nìyí. Koríko ń wúwo díẹ̀díẹ̀. Ẹja ń pa ìlù lẹ́ẹ̀kan.

Mo fa ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú gbogbo ìbàdí mi. Omi là. Ó fo sókè tó ìdajì ara rẹ̀, ó gbọn orí, mo rí ewé irin tó ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó wá forí lé inú kábéèjì, ó sì ń wọlẹ̀ lọ.

"Má jẹ́ kí okùn dẹ̀ o!" Ẹ̀gbọ́n ti ń ti ọkọ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ojú kan la dúró sí tí mò ń fa ẹja náà láti ọ̀nà jíjìn, koríko tó ń kó jọ lórí okùn ì bá ti tú ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀. A gbọ́dọ̀ lọ bá a. Mo ń ká okùn bí ọkọ̀ ti ń súnmọ́, ọ̀pá tẹ̀ ṣáá, mi ò jẹ́ kó tọ́. Nígbà tí a dé orí rẹ̀, mi ò rí ẹja kankan. Òkìtì koríko ni mo rí, ó tó ẹrù orí kan, ó ń mí.

Ẹ̀gbọ́n fi ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n ki àwọ̀n sábẹ́ òkìtì náà, wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, koríko àti ẹja. A fi àwọ̀n sínú omi, a ò gbé e wọ ọkọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya ewé kúrò. Orí rẹ̀ yọ, ewé kan ṣì bo ojú rẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ kó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìwọ̀ kọ́ igun ẹnu rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́, ẹmú ti wà níbẹ̀. Wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kan, ó jáde, ẹ̀jẹ̀ kankan ò sí.

Nígbà náà ni mo tó wò ó. Ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí idẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, àmì dúdú tò lára rẹ̀ dé ìdí ìrù, ẹnu ìrù náà mú ṣóńṣó. Ìpéǹpéjú kò sí fún un, ojú náà ń wò mí. Mo tẹ́ ọ̀pá ìwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 46 ínṣì. Ní Minnesota, muskie tí kò bá tó 54 ínṣì kò ṣeé kó lọ. Bó tilẹ̀ tó 54, n ò ní kó o. Àwọn muskie Leech Lake yìí ni ìjọba ìpínlẹ̀ wá ń lò láti fi kún àwọn adágún mìíràn, lẹ́yìn tí wọ́n rí i pé ìran Shoepack tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kì í dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ẹja tó wà lọ́wọ́ mi ti pẹ́ kó tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

Mo gbé e jáde fún fọ́tò kan, ọwọ́ kan lábẹ́ ikùn rẹ̀, mo dá a padà kí n tó mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo di ìdí ìrù rẹ̀ mú nínú omi, orí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Mo ń retí. Ó wá gbá ọwọ́ mi kúrò lẹ́ẹ̀kan, ó wọ inú kábéèjì padà, ewé pa dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n jókòó sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Bàbá ì bá gbádùn èyí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ọ̀sán, ọ̀kan gba ti ẹ̀gbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti ń yí ìdẹ po lókè koríko. Ó tóbi ju tèmi lọ dájú. Ó jà bí ìṣẹ́jú kan, ìwọ̀ yọ. Wáyà ìdẹ náà ti tẹ̀ mọ́ra bí ìka tí wọ́n ká. Wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì tọ́ ọ pẹ̀lú ẹmú, wọ́n tún jù ú.

Ọjọ́ Àìkú

A ò pẹja. Ní èbúté, a fa ọkọ̀ jáde, a ṣí ihò ìdí rẹ̀ kí omi tó wà nínú rẹ̀ lè dà nù, a ṣa koríko kúrò lára tírélà, lára ẹ́ńjìnnì, lára ìdákọ̀ró. Òfin ni, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ìṣáwùrù abilà tí kò sí níbí tẹ́lẹ̀ ti wọ adágún yìí, a sì lè kó ọmọ rẹ̀ nínú omi kékeré lọ sí adágún mìíràn láìmọ̀. Mo rí coontail kan tó wé mọ́ irin kẹ̀kẹ́ tírélà, mo fi ọ̀bẹ gé e.

Ẹ̀gbọ́n fi omi gbígbóná fọ ọ̀pá bàbá náà, wọ́n fi aṣọ nù ún, wọ́n sì di ẹja díndín sínú ike kan. Bàbá náà wà níbi tí a ti fi í sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ tọ́ ọ̀pá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó bi ẹ̀gbọ́n ibi tí wọ́n lọ. Wọ́n sọ fún un. Ó mi orí, ó ṣí ike, ó mú ẹja kan, ó jẹ ẹ́. Ata náà mú un. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n sùn láti Hackensack dé Little Falls. Aago méje alẹ́ ni iṣẹ́ wọn ń bẹ̀rẹ̀.